Saint-Émilion: Ìlú tó Gun Orí Ihò Ara Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Saint-Émilion dáadáa, kó kọ́kọ́ gbójú kúrò lókè. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Bí ọkọ̀ ojú irin láti Bordeaux bá ti já èèyàn sí ibùdókọ̀ kékeré tó wà láàárín ọgbà àjàrà, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ga tó mítà 53 lojú kọ́kọ́ ń bá pàdé lórí òkè lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ògiri aláwọ̀ ìyẹ̀fun àti òrùlé amọ̀ pupa tó gun ara wọn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Kí n tó la ẹnu, àwọn tí mo mú lọ á ti yọ fóònù. Iṣẹ́ amọ̀nà ni mo ń ṣe ní agbègbè Bordeaux. Ará Àjàṣẹ́, ará Kútọnu, ará Èkó àti àwọn tiwa tó ń gbé London ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò wọn tán. Lẹ́yìn náà ni màá wá sọ fún wọn pé gbogbo òkúta tí wọ́n ń wò yẹn, abẹ́ òkè náà ni wọ́n ti gé e jáde. Ihò tí wọ́n ti gé e ṣì wà níbẹ̀, ìlú ló gun orí rẹ̀.

Òkúta ẹfun ni. Nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun ló wà níbi tí àjàrà wà lónìí. Ìkarawun àti eegun ẹja ìràwọ̀ ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, wọ́n ń di léra wọn, títí wọ́n fi di àpáta. Òkúta náà rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ayùn fi lè gé e nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, á le. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi gé e. Wọ́n fi kọ́ Saint-Émilion fúnra rẹ̀, wọ́n sì kó púpọ̀ nínú rẹ̀ gba orí odò Dordogne lọ kọ́ ilé ní Libourne àti Bordeaux. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé bí èèyàn bá so gbogbo ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó kù mọ́ra, yóò tó nǹkan bíi kìlómítà 200. Nígbà tí iṣẹ́ òkúta dẹwọ́, àwọn kan gbin olú sínú ihò náà. Àwọn olóko àjàrà kó àgbá wáìnì sínú àwọn mìíràn, nítorí pé inú ilẹ̀ kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí ìgbà yìnyín: bó ṣe tutù lóṣù kìíní ló ṣe máa tutù lóṣù kẹjọ.

Nítorí náà, ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ mú èèyàn lọ ni inú ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dá wọ ibẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tó wà lórí òkè ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn amọ̀nà tiwọn ló sì ń mú èèyàn wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, èmi náà á di àlejò, màá dákẹ́, màá máa túmọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sétí àwọn tí kò gbọ́ Faransé.

Ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú náà kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ará Vannes ni Émilion, ní ilẹ̀ Bretagne, ní ọ̀rúndún kẹjọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ilé ìjòyè kan ló ti ń ṣiṣẹ́, tó sì ń yọ́ kó búrẹ́dì inú ilé náà fún àwọn tálákà. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá rẹ̀ dá a dúró lọ́nà, ó bi í pé kí ló dì sábẹ́ aṣọ. Ó ní igi ìdáná ni. Wọ́n ká aṣọ sókè, búrẹ́dì ti di igi lóòótọ́. Òkìkí rẹ̀ kàn, òkìkí náà sì sú u. Ó fi ìlú sílẹ̀, ó rìn títí ó fi dé igbó tó wà lórí òkè yìí, ó wọnú ihò òkúta kan tí omi ń sun nínú rẹ̀, ó sì ń gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 767. Ìyá arúgbó kan tó ti Ìbàdàn wá gbọ́ ìtàn yìí tán, ó yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé irọ́ ni ẹni mímọ́ yẹn wá pa fún ọ̀gá rẹ̀ ni?” Mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún amọ̀nà ọmọ Faransé tó ń ṣáájú wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ síwájú, kò dáhùn.

Ihò náà ṣì wà. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìjókòó kan hàn èèyàn, òkúta tí wọ́n gbẹ́ sínú ògiri, tí wọ́n ní Émilion máa ń jókòó sí. Wọ́n ní obìnrin tó bá ń wá ọmọ, tó bá jókòó síbẹ̀, yóò fi ọwọ́ gbọmọ jó. Àwọn òyìnbó tó bá wà nínú ẹgbẹ́ wa máa ń fi èyí ṣe ẹ̀rín. Àwọn ará wa kì í fi í ṣe ẹ̀rín rárá. Mo rántí ọmọ ìjọ ìgbàlà kan tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kì í bá ẹni mímọ́ ẹlòmíràn da nǹkan pọ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Àgùdà ti jókòó. Omi tó ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ mú kí ọmọ Òṣogbo kan rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sọ ìdí, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wà ní ìṣísẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀. Àárín ìparí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkejìlá ni wọ́n ṣe é, wọn kò sì to òkúta kankan léra. Wọ́n gbẹ́ ẹ jáde nínú àpáta ni: òpó, ògiri àti àjà rẹ̀, òkúta kan náà ni gbogbo wọn, nǹkan bíi mítà 38 ní gígùn, nǹkan bíi mítà 12 ní gíga. Ojú kì í tètè mọ ohun tó ń rí nínú rẹ̀. Ilé tí a mọ̀ ni èyí tí èèyàn ń fi nǹkan kún títí tó fi pé. Nínú iṣẹ́ yìí, yíyọ ni wọ́n ń yọ, àṣìṣe kan kò sì ní àtúnṣe. Nígbà Ìyípadà Ìjọba Faransé, wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń họ iyọ̀ ara ògiri fún ṣíṣe ẹ̀tù ìbọn, báyìí ni púpọ̀ nínú àwòrán tó wà lára ògiri ṣe pa rẹ́.

Ohun tó máa ń dá mi dúró níbẹ̀ ni àwọn òpó tí wọ́n fi irin dè. Ilé agogo tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀ láti ibùdókọ̀, orí ṣọ́ọ̀ṣì yìí gan-an ló jókòó lé. Wọ́n kọ́ ọ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ tán, ìwúwo rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 4,500. Òkúta ẹfun máa ń fa omi. Omi tó ń gba inú ilẹ̀ gòkè wá ti sọ ìdí àwọn òpó náà di ẹlẹgẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi di wọ́n ní ìgbànú irin. Kò lẹ́wà, mo sì ti gbọ́ tí àwọn àlejò ń ráhùn pé irin náà ba ibẹ̀ jẹ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ibi kan ṣoṣo nìyẹn nínú ìlú náà tó ti ń sọ òtítọ́ nípa ohun tó ná wọn láti máa lẹ́wà lójoojúmọ́.

Bí a bá jáde sínú ìmọ́lẹ̀, gígun òkè ló kù. Àwọn ọ̀nà tóóró kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tertre. Wọ́n ga gan-an débi pé wọ́n fi irin sí àárín wọn kí èèyàn lè rí nǹkan dì mú. Òkúta líle tí wọ́n tò sí ojú ọ̀nà náà kì í ṣe ti ibẹ̀. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Ìlú Ọba bọ̀ wá kó wáìnì ni wọ́n ti kó o wá, wọ́n dì í sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ọkọ̀ òfìfo má baà fì lórí òkun. Ẹsẹ̀ èèyàn ti dán an fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Bí òjò bá rọ̀, ẹni tó wọ bàtà gogoro á jẹ́ ẹlẹ́rìí mi. Mo máa ń sọ ọ́ kedere níjọ́ tí wọ́n bá sanwó, síbẹ̀ ẹnìkan á ṣáà wọ̀ ọ́ wá, nítorí fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìlú Ọba kì í ṣe kékeré nínú ìtàn ibẹ̀. Ní 1152, Éléonore tó ni ilẹ̀ Aquitaine fẹ́ Henry, ẹni tó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún méjì, gbogbo àgbègbè Bordeaux sì bọ́ sábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ní 1199, Ọba John fún àwọn ọlọ́lá Saint-Émilion ní ìwé àṣẹ pé kí wọ́n máa ṣàkóso ìlú wọn fúnra wọn. Ìgbìmọ̀ tó jáde láti inú àṣẹ yẹn ni Jurade. Àwọn ló ń sọ ọjọ́ tí ìkórè máa bẹ̀rẹ̀, àwọn ló ń fi irin gbígbóná sàmì sára àgbá tí wáìnì inú rẹ̀ bá dáa, wọ́n sì lágbára láti pa èyí tí kò dáa run. Ogun tó parí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ náà, ní Castillon ni wọ́n ti jà á ní 1453, ibẹ̀ kò sì jìnnà rárá. Ìyípadà Ìjọba ló fòpin sí Jurade, ṣùgbọ́n ní 1948 àwọn olóko àjàrà jí i dìde. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹ óò rí wọn nínú agbádá pupa, wọ́n ń gòkè lọ sórí ilé ìṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Tour du Roy láti kéde ìkórè fún gbogbo ayé. Lónìí, olóko kọ̀ọ̀kan ti mọ ọjọ́ tí yóò kórè láti inú ilé àyẹ̀wò kẹ́míkà rẹ̀. Èmi ṣì fẹ́ràn ìkéde náà. Ìlú tí kò bá ní ọjọ́ tí àgbà rẹ̀ ń wọṣọ, ọjà lásán ni.

Ọjà náà sì pọ̀ níbẹ̀ o. Ìlú tí èèyàn rẹ̀ kò pé 2,000, ilé ìtajà wáìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójúlé kọ̀ọ̀kan láàárín ìlú, olùtajà á máa kí yín ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó yọjú tán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba wákàtí méjì lọ́wọ́ yín. Ohun tí mo máa ń rà nínú ìlú ni makarọ́ọ̀nì, bisikíìtì ẹlẹ́pà álímọ́ńdì tí ojú rẹ̀ sán díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ Ursuline ni wọ́n ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níbẹ̀ ní 1620. Kò jọ àwọn aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà ní Paris, ó sì dára jù wọ́n lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, kí èèyàn jáde gba ẹnu odi apá àríwá, kó lọ wo ògiri gíga kan tó dá dúró láàárín ọgbà àjàrà. Ilé ìjọsìn àwọn Dominican ló wà níbẹ̀ rí, ní ìta odi. Nígbà tí ogun Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1337, ó bá ogun lọ. Àwọn tó kù sá wọ inú odi, ògiri yẹn nìkan ni kò sá.

Nínú ọgbà àjàrà yìí ni mo ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ wáìnì, mi ò kì í sọ ọ́ nínú ilé ìtajà. Òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ń mu òjò ìgbà yìnyín, ó ń fi í pamọ́. Bí oòrùn oṣù keje bá gbẹ ojú ilẹ̀ tán, gbòǹgbò àjàrà á máa fa omi náà díẹ̀díẹ̀. Omi tó ń jẹ òpó ṣọ́ọ̀ṣì ní ìsàlẹ̀ ló ń gba àjàrà là lókè. Irú àjàrà tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni Merlot, tó fẹ́ràn ilẹ̀ amọ̀ tútù tó sì ń tètè pọ́n. Cabernet Franc ló tẹ̀ lé e. Kì í ṣe bó ṣe wà látilẹ̀wá nìyẹn. Ní oṣù kejì ọdún 1956, òtútù kan bọ́ sílẹ̀ tó pa igi àjàrà lọ rẹpẹtẹ ní apá odò yìí. Nígbà tí wọ́n ń tún un gbìn, Merlot ni ọ̀pọ̀ olóko yàn. Ní báyìí tí ẹ̀ẹ̀rùn ń gbóná sí i, àjàrà náà ń dùn jù, ọtí rẹ̀ sì ń le jù, làwọn olóko bá tún ń yíjú sí Cabernet Franc tó ń pẹ́ pọ́n. Igi tí wọ́n bá gbìn lónìí, ọmọ wọn ló máa mọ̀ bóyá ire ni wọ́n yàn.

Àwọn àlejò mi máa ń retí ohun dídùn. Wáìnì tí wọ́n mọ̀ nílé, ti inú àpò bébà tàbí ti orí tábìlì ìgbéyàwó, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá wá tọ́ Saint-Émilion tí kò tíì pẹ́ nínú ìgò, wọn á fajú ro. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rántí obì. Ẹni tó bá jẹ obì mọ bó ṣe ń fa ahọ́n kó tó wá fi adùn sílẹ̀ lẹ́yìn, èèpo àti hóró àjàrà ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọtí pupa yìí. Ọdún díẹ̀ nínú ìgò á rọ̀ ọ́. Ohun kejì tó máa ń dí wọn lọ́wọ́ ni títu. Onílé á bu ọtí fún èèyàn, ó sì fẹ́ kó tọ́ ọ wò, kó tu ú sínú garawa. Àwọn àgbà wa kì í lè ṣe é. Lójú tiwọn, àrífín ni kéèyàn tu ọtí onílé dànù níwájú onílé. Bàbá kan láti Kétu gbé gbogbo rẹ̀ mì, ife mẹ́fà gbáko, ó sì ń dúpẹ́ lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹnu onílé fúnra rẹ̀: yóò tu tirẹ̀ kí ẹ tó tu tiyín.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ń mú lọ kì í tilẹ̀ mu ọtí. Mùsùlùmí ni wọ́n, tàbí ọmọ ìjọ tó kọ̀ ọ́. Mi ò kà wọ́n sí ẹni tó pàdánù ohunkóhun. Alhája kan tó wọ àjà ilẹ̀ pẹ̀lú wa gbọ́ òórùn àgbá igi tuntun, ó fọwọ́ kan ògiri tútù náà, ó bi onílé bóyá òkúta tí bàbá rẹ̀ àgbà gé níbẹ̀ lówó lórí ju ọtí ìsinsìnyí lọ. Ọkùnrin náà ronú pẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú wa lọ sínú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan tí kì í fi í han àwọn tó wá torí ìtọ́wò nìkan, ó fi ojú ayùn hàn wá lára òkúta.

Ní ti ìpele wáìnì, màá yára sọ ọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà máa ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ èèyàn lásán. Ìpele àwọn oko Médoc ní òdìkejì odò, 1855 ni wọ́n ti ṣe é, wọn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà. Ti Saint-Émilion bẹ̀rẹ̀ ní 1955, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n sì ń tún un yẹ̀ wò, èyí tó túmọ̀ sí pé oko lè gòkè, ó sì lè já bọ́. Ètò tó yẹ kó dáa ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ló dà. Wọ́n fagi lé ti 2006. Kí ti 2022 tó jáde, Ausone, Cheval Blanc àti Angélus, mẹ́ta nínú mẹ́rin tó wà lókè pátápátá, ti yọ ara wọn kúrò. Oko 85 ló wà nínú ti 2022, Pavie àti Figeac nìkan ló sì wà ní òkè téńté. Àlejò tó bá fi orúkọ wọ̀nyí ṣe ìdí ìrìn-àjò ọjọ́ kan yóò san owó gọbọi, bóyá ni wọ́n sì máa ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló kan ọmọ Àjàṣẹ́ nínú ọtí Faransé. Ìrìn-àjò ọkọ̀ ẹrú tó gbéra láti Bordeaux sún mọ́ 500, àwọn èèyàn tí wọ́n sì kó kúrò ní Áfíríkà lé ní 120,000. Wáìnì àti ọtí líle agbègbè yìí wà nínú ẹrù tí àwọn oníṣòwò Faransé ń kó káàkiri, títí dé etíkun wa àti erékùṣù Saint-Domingue, àwọn Faransé sì ní odi agbára tiwọn ní Ouidah. Láti 2009 ni Musée d'Aquitaine ní Bordeaux ti ní àwọn yàrá tó ń sọ ìtàn yìí. Mo máa ń mú àwọn tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú Saint-Émilion. Kì í ba ọjọ́ kejì jẹ́. Ó ń jẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè tó le ju “èló ni ìgò kan” lọ.

Bí mo bá ń ṣètò ọjọ́ náà fún ẹni tí kò ní mú mi dání, báyìí ni màá ṣe é. Kó gba ọkọ̀ ojú irin àárọ̀, kò ní ju nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Kó má gba takisí láti ibùdókọ̀, kó fẹsẹ̀ rìn gba àárín àjàrà, ogún ìṣẹ́jú ló máa gbà á. Kó ra tíkẹ́ẹ̀tì inú ilẹ̀ kó tó jẹun. Lọ́sàn-án, oko kan ṣoṣo ni kó bẹ̀ wò, èyí tó ní àjà ilẹ̀ nínú òkúta, kó sì ti kọ̀wé sí wọn ṣáájú. Àwọn tó ń ta ìrìn-àjò oko mẹ́ta lọ́jọ́ kan ń ta àárẹ̀ ni, bó bá fi máa di oko kẹta, ahọ́n kò mọ ohunkóhun mọ́. Bó bá fẹ́ ra ìgò lọ sílé, kó wo ti àwọn ìlú tó wà ní òdìkejì odò kékeré Barbanne: Montagne, Lussac, Puisseguin. Irú àjàrà kan náà ni, òkúta ẹfun wà níbẹ̀ pẹ̀lú, owó rẹ̀ sì kéré gan-an, nítorí pé wọn kò ní ilé agogo tí èèyàn ń ya ní fọ́tò. Kó sì wo àkókò ọkọ̀ ìpadàbọ̀ kó tó gun òkè, torí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kì í pọ̀, kò sì sí nǹkan kan tí èèyàn lè jẹ ní ibùdókọ̀ yẹn.